Oṣó kan ń gba eré mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́: ṣé kí n gé agbára rẹ̀ kù ni?

Olùdarí-Yábàá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i kí ó tó di ìjà. Àwa márùn-ún la máa ń pàdé ní Yábàá ní gbogbo Sátidé láti ṣe Dungeons & Dragons, eré ìtàn tí olùdarí kan ń sọ, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń fi dáìsì darí ẹ̀dá kan nínú rẹ̀; àtẹ̀jáde karùn-ún la ń lò, èyí tó jáde ní ọdún 2014. Èmi ni mo ń darí eré, àwọn mẹ́rin yòókù ni wọ́n ní ẹ̀dá tiwọn. Aago méjì ọ̀sán la máa ń bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í kọjá aago mẹ́fà, nítorí pé ẹni tó ń ṣe oṣó ń ti Erékùṣù Èkó wá, bí ó bá sì jókòó pẹ́ jù, orí afárá Third Mainland ni yóò ti jẹun alẹ́.

Gbogbo ẹ̀dá wọn ti dé ipele 5 báyìí, oṣó sì ti gba ọfọ̀ Fireball. Láti ọjọ́ náà ni ìjà kò ti ládùn mọ́. Bí mo bá kó ọlọ́ṣà mẹ́jọ jáde láti inú igbó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oṣó máa la ẹnu, mẹ́fà nínú wọn á ti jóná kí ó tó kan ẹlòmíràn. Ẹni tó ń ṣe jagunjagun, obìnrin kan tó ń gbé ní Akọkà, kò wá ní Sátidé méjì tó kọjá. Ó ní iṣẹ́ wọ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gba ìyẹn tán, nítorí pé lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, mo rí i tó ń to dáìsì rẹ̀ lé ara wọn lórí bí àwọn onítòmátì ṣe ń to ọjà wọn sórí àtẹ. Ó tò ó títí ó fi di òkìtì kékeré, kò sì sí ẹni tó pè é pé ó kàn án.

Dáìsì la fi wá ìwọ̀n mẹ́fà fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, bíi agbára apá àti làákàyè. Oṣó rí 17, 16, 14, 13, 12 àti 10. Jagunjagun rí 12, 11, 10, 9, 9 àti 7. Pẹ̀lú gbogbo àfikún tí wọ́n ti rí gbà, làákàyè oṣó ti di 20, agbára apá jagunjagun sì jẹ́ 14. Ṣé kí n sọ dáìsì mẹ́jọ tí Fireball ń jù di márùn-ún ni, àbí kí n wá idà abàmì kan fún jagunjagun?

Aṣírò-Sùúrùlérè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì fọwọ́ kan Fireball. Àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ sí ìsàlẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lẹ lò, ìyẹn kí a ju dáìsì mẹ́rin olójú 6, kí a yọ èyí tó kéré jù kúrò, kí a sì ro mẹ́ta tó kù pọ̀, nǹkan bí 12.24 ló máa ń bọ́ sí orí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bí a bá jù ú lọ bẹẹrẹ. Ní ìlọ́po mẹ́fà, ó lé díẹ̀ ní 73. Àròpọ̀ ti oṣó yín jẹ́ 82, ti jagunjagun jẹ́ 58. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọfọ̀ kankan ni ẹ ti fi ìwọ̀n 24 sáàárín àwọn méjèèjì, tí ẹ sì ní kí wọ́n jọ máa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ìjà wò ó. Ká ní ọ̀tá tí ààbò ara rẹ̀ jẹ́ 15 ló dúró níwájú jagunjagun yín. Ní ipele 5, àfikún 5 ló ní lórí dáìsì olójú 20, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ju 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí idà rẹ̀ tó balẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìgbà 55 nínú 100. Bí ó bá ń fi idà olówó méjì ṣán ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe ń ṣe ní ipele yẹn, nǹkan bí ọgbẹ́ 10 ni yóò máa dá sí ọ̀tá lára ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá kàn án. Ká ní agbára apá rẹ̀ jẹ́ 18, iye yẹn ì bá lé ní 14. Ẹ ò rí i pé ó ti pàdánù bí ìdá mẹ́ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti jókòó ju dáìsì.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ jẹ́ kí ó tún ẹ̀dá rẹ̀ ṣe, kí ó fi póìntì ra ìwọ̀n rẹ̀. Póìntì 27 ni ìwé òfin fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan, láti 8 dé 15 ni a sì lè rà. Ìwọ̀n 13 ń gba póìntì 5, 14 ń gba 7, 15 ń gba 9. Ẹ kíyè sí i pé owó orí rẹ̀ ń wọ́n sí i bí a ti ń gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ 15 mẹ́ta lè rà á, ṣùgbọ́n 8 mẹ́ta ni yóò fi mú ìyókù rẹ̀.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó

Mo kí gbogbo ilé. Mo gbà pé àṣírò yìí péye, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé póìntì ni oògùn. Bí a bá fi póìntì ra gbogbo ẹ̀dá, gbogbo oṣó tó wà ní Èkó á di ọmọ ìyá kan náà: làákàyè 15, agbára apá 8. Gbogbo jagunjagun á di òdìkejì rẹ̀. Ta ló tún máa pàdé oṣó tó lágbára bí alágbàṣe, tàbí jagunjagun tó mọ̀wé ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ?

Àwọn baba wa kò fi gbogbo ìpín ẹ̀dá sí ọwọ́ ẹ̀dá. Wọ́n ní àkúnlẹ̀yàn wà, àkúnlẹ̀gbà wà, àyànmọ́ náà wà. Ohun tí dáìsì fún wa ni àkúnlẹ̀gbà, ohun tí a wá fi ṣe ni eré. Nínú ìtàn Àjàlá alámọ̀, ṣebí àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló lọ yan orí. Àwọn méjì tó ṣáájú fojú wo èyí tó dán, wọ́n gbé e, òjò sì wó o dànù lórí wọn kí wọ́n tó dé ayé.

Aṣírò-Sùúrùlérè

Ẹ ò parí ìtàn náà. Afùwàpẹ́ tó ṣe ìkẹta wọn kò di ojú mú orí. Ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá fúnra rẹ̀ ló sì bá a yan èyí tó dára. Ó náwó sí i, ó sì gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹni tó mọ ọjà. Bí ìyẹn kì í bá ṣe póìntì, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n-Ẹ̀bùtẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orí sinmi ná. Olùdarí, mo ní ìbéèrè méjì fún ọ. Ìkíní: ìjà mélòó lẹ máa ń jà láàárín aago méjì sí aago mẹ́fà? Èkejì: bí ẹ bá pàdé ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí o máa ń sọ?

Olùdarí-Yábàá

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìjà kan ṣoṣo ni. A máa ń fẹ́ ṣe méjì, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ti Àgége dé tó gbé omi mu, kí a tó tan jẹnẹrétọ̀, ó ti di aago mẹ́ta. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ ni pé: “Ilẹ̀ ti mọ́, ẹ ti sùn dáadáa, ara yín ti yá.” Mo ń ṣe é kí ó lè rọrùn ni, kí ẹnikẹ́ni má baà máa rántí ẹ̀mí mélòó, ìyẹn iye ọgbẹ́ tí ara ẹ̀dá rẹ̀ ṣì lè gbà, ló kù ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ẹ̀gbọ́n-Ẹ̀bùtẹ́

Ó tán. Ìwọ fúnra rẹ lo ń fi epo sínú iná oṣó.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé mo ti ṣe irú àṣìṣe yìí fún odindi ọdún kan kí n tó mọ̀ pé àṣìṣe ni. Àwọn tó kọ òfin àtẹ̀jáde ọdún 2014 kò wọn oṣó mọ́ jagunjagun lórí ìjà kan. Odindi ọjọ́ ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ó wà nínú ìwé olùdarí ti ọdún náà pé ẹgbẹ́ kan lè kojú ìdojúkọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ní ọjọ́ kan kí wọ́n tó sun oorun gígùn, èyí tó ń dá ẹ̀mí àti ọfọ̀ wọn padà, kí wọ́n sì fi ìsinmi kúkúrú bíi méjì sáàárín rẹ̀. Ìsinmi kúkúrú jẹ́ wákàtí kan, oorun gígùn jẹ́ wákàtí mẹ́jọ, a kò sì lè jèrè rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni gbogbo ìdọ́gba eré náà dúró lé.

Wàá wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé wọ ọjọ́ náà. Oṣó ipele 5 ní àyè, ìyẹn iye ìgbà tó lè pe ọfọ̀ lóòjọ́, mẹ́rin fún ọfọ̀ ipò 1, mẹ́ta fún ipò 2, méjì péré fún ipò 3. Fireball wà ní ipò 3. Nítorí náà méjì ló ní, ó sì lè rí ẹyọ kan gbà padà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ bí ó bá ṣe ìsinmi kúkúrú. Mẹ́ta lápapọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ká wá ní ìdojúkọ mẹ́fà ló wà níwájú rẹ̀. Èwo ni yóò dáná sun, èwo ni yóò fi sílẹ̀? Bí ó bá sì ti ná gbogbo rẹ̀ tán, Fire Bolt ló kù sí i lọ́wọ́, ọfọ̀ kékeré tó lè pè níye ìgbà tó bá fẹ́. Lórí ọ̀tá tí ààbò rẹ̀ jẹ́ 15 yẹn náà, pẹ̀lú làákàyè 20, ọgbẹ́ tí yóò máa fi dá sí i lára jẹ́ nǹkan bí 8 bí a bá pín in dọ́gba. Jagunjagun tí ẹ pè ní aláìní yẹn ń dá 10, láti òwúrọ̀ dé alẹ́, idà rẹ̀ kì í sì í tán. Bí ó bá tún ṣe ìsinmi kúkúrú, Action Surge rẹ̀, tó ń jẹ́ kí ó ṣe nǹkan kan sí i nígbà tó bá kàn án, á padà, Second Wind rẹ̀, tó ń wo ọgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, á padà.

Ṣùgbọ́n ní tábìlì rẹ, ìjà kan ni ọjọ́ kan. Oṣó wọlé pẹ̀lú àpò owó tó yẹ kí ó fi jẹun fún oṣù kan, ó ná gbogbo rẹ̀ ní wákàtí kan, o sì tún kún un fún un ní Sátidé kejì. Ta ni kò ní ṣe fàájì? Jagunjagun ní tirẹ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ wà nínú pé kì í tètè rẹ̀ ẹ́, kò tíì rí ọjọ́ tó gùn tó láti fi ìyẹn hàn. Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ orí afárá ló ń ba ìdọ́gba eré rẹ jẹ́, kì í ṣe Fireball.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ inú eré parí nítorí pé ọjọ́ tiwa parí. Bí aago mẹ́fà bá lù, gba ìwé ẹ̀dá lọ́wọ́ gbogbo wọn bó ṣe wà, pẹ̀lú ẹ̀mí tó kù àti àyè ọfọ̀ tó kù, kí o tọ́jú rẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Sátidé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú eré. Bí èyí bá sì ṣòro fún ọ, òfin mìíràn wà nínú ìwé olùdarí kan náà fún ẹni tó bá fẹ́: ìsinmi kúkúrú di wákàtí mẹ́jọ, oorun gígùn di ọjọ́ méje. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé èkejì máa ń jẹ́ kí àwọn oníwòsàn kùn.

Ìyá-Ayò

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un láti ìhà mìíràn. Ayò ọlọ́pọ́n ni mo fi dàgbà. Ojú ọpọ́n 12, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Kò sí eré tó dọ́gba níbẹ̀rẹ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ bí ọ̀ta àti òpè bá jókòó tì í, ẹ ó rí i bí ọ̀kan yóò ṣe gbọ́n ilé èkejì gbẹ. Nítorí náà, àní bí ẹ bá fún oṣó àti jagunjagun ní nọ́ńbà kan náà, ẹni tó ti ka ìwé òfin lákàtúnkà yóò ṣì máa fi ẹ̀dá rẹ̀ gun ẹlòmíràn lórí.

Fún ìdí yìí ni mo ṣe kúrò nínú àwọn eré tó kún fún ìṣirò ọgbẹ́. Ní báyìí, irú èyí tí Apocalypse World mú jáde ní ọdún 2010 ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń ṣe. Dáìsì olójú 6 méjì péré ló ń lò, ẹ lè yọ ọ́ nínú páálí lúdò. 6 sí ìsàlẹ̀, nǹkan bàjẹ́. 7 sí 9, ó bọ́ sí i ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ẹ ó san. 10 sókè, ó bọ́ sí i gedegbe. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀, 15 bọ́ sí ìsàlẹ̀, 15 bọ́ sáàárín, 6 bọ́ sókè, kí a tó fi àfikún ẹ̀dá sí i. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ọgbẹ́ ta ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Aṣírò-Sùúrùlérè

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń béèrè bí òun ṣe máa tún ọkọ̀ òun ṣe, a kì í ní kí ó lọ ra kẹ̀kẹ́.

Mo jọ̀wọ́ ara mi fún ẹ̀gbọ́n lórí ọ̀rọ̀ oorun gígùn. Mi ò ro ìyẹn rárá. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi wọ́n: bí ó bá jẹ́ pé àwọn aṣèdá eré yìí mọ̀ pé oṣó lè borí, kí ló dé tí wọn kò tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n-Ẹ̀bùtẹ́

Wọ́n ti gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti ọdún 1974 tí Gary Gygax àti Dave Arneson ti gbé e jáde ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Nínú ìwé Basic ti ọdún 1981, póìntì ìrírí 1,200 ni olè nílò kí ó tó gun ipele 2, jagunjagun nílò 2,000, oṣó nílò 2,500. Dáìsì olójú 4 ni oṣó sì ń jù fún ẹ̀mí rẹ̀, nítorí náà ológbò lásán lè pa á ní ipele 1. Ẹ̀rù àti sùúrù ni owó tó ń san. Ìyà tó jẹ ẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi gba ògo rẹ̀ nígbẹ̀yìn láàyè.

Ní ọdún 2008, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Àtẹ̀jáde kẹrin fún gbogbo iṣẹ́ ní ètò agbára kan náà: èyí tó ṣeé lò nígbàkígbà, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní ìjà kan, èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Ó dọ́gba ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ní kò dùn mọ́, pé oṣó àti jagunjagun ti ń jọ ara wọn jù. Pathfinder, eré mìíràn tó jọ ọ́, jáde ní ọdún 2009 lórí òfin àtijọ́, ogunlọ́gọ̀ sì tẹ̀ lé e. Èmi fẹ́ràn àtẹ̀jáde kẹrin, mo sọ ọ́ láìtijú, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò lẹ́gbẹ́.

Jagunjagun-Akọkà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnì kan ló fi ìjíròrò yìí ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n wá wo ara mi. Èmi ni jagunjagun tí ẹ ń ṣírò idà rẹ̀ láti àná.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn lóòótọ́, ọ̀gá wa ń gba ìròyìn òpin oṣù. Ṣùgbọ́n olùdarí kò ṣìnà, ìyẹn nìkan kọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ ni pé kì í ṣe ọgbẹ́ ló dùn mí. Bí oṣó bá sun ọlọ́ṣà mẹ́fà, ó dáa, ewu dín kù fún mi. Nígbà tí ìjà kò sí ni mo máa ń di aláìsí.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọjọ́ kan jáde. Nígbà tí mo ń kọ ìwé ẹ̀dá mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ atukọ̀ ni, pé etí ọ̀sà ni wọ́n bí i sí, pé ó ti mọ àjẹ̀ fà kí ó tó mọ ọ̀nà ọjà. Nǹkan bí ìlà márùn-ún ni mo kọ, mo sì fi ìdámọ̀ mi síbi omi. Ọ̀sẹ̀ méje kọjá, omi kò yọ. Lọ́jọ́ tí omi wá yọ níkẹyìn, odò fífẹ̀ kan tí afárá rẹ̀ ti já, mo gbé ara mi sókè lórí àga, mo ti fẹ́ la ẹnu pé mo mọ bí a ṣe ń wá ọkọ̀ ojú omi tí àwọn apẹja fi pamọ́. Oṣó ní: “Mo pe Fly.” Ó fò kọjá, ó so okùn mọ́ igi, ó tán. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ni ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í to dáìsì.

Bákan náà ni ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí n fi èjìká fọ́ ọ, Knock ti ṣí i. A fẹ́ bá onítọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀, mo mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, Charm Person ti mú un. Ẹ lè fún mi ní agbára apá 18, kó dé 20 pàápàá. Kí ni n ó fi ṣe?

Ẹ̀gbọ́n-Ẹ̀bùtẹ́

Àbúrò, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. A ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìjà nìkan ni eré.

Síbẹ̀, kókó kan náà ni. Fly wà ní ipò 3. Ẹni tó bá fò kọjá odò ti ná ọ̀kan nínú Fireball rẹ̀ ti ọjọ́ náà. Knock wà ní ipò 2. Ká ní ọjọ́ náà gùn, oṣó ì bá wo odò yẹn, á wo àpò rẹ̀, á sì yíjú sí ọ pé: “Ṣé ìwọ mọ omi?” Nítorí pé oorun gígùn ń dúró dè é ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni kò ṣe nílò rẹ rí.

Olùdarí, iye owó tí ọfọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà wà nínú ìwé, èmi náà kì í sábà rántí gbà á. Knock ń ṣí ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń dún kò kò kò dé ibi tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 300. Gbogbo ẹ̀ṣọ́ ilé yẹn ló yẹ kó ti jí. Charm Person máa ń tán, ẹni tí a fi mú á sì mọ̀ pé wọ́n fi nǹkan mú òun. Onítọ́ọ̀lù yẹn kò ha ní pariwo olè? Fly ń béèrè ìfọkànsí: bí ọfà bá ba oṣó lójú òfuurufú, ó gbọ́dọ̀ ju dáìsì kí ó má baà já lulẹ̀. Ìwọ ni kí o máa gba owó ọjà.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó

Ó dára. Ojú ti mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Èmi ni oṣó náà.

Aṣírò-Sùúrùlérè

Abájọ! Ẹni tó ju 17 ló ń gbèjà àkúnlẹ̀gbà.

ỌmọÌsàlẹ̀Èkó

Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Akọkà mọ̀ pé mi ò ka ìlà márùn-ún yẹn rí. Ìwé ẹ̀dá rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, tèmi wà níwájú mi, ohun tí mo ń wò ni àyè ọfọ̀ tó kù sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé bí mo bá tètè yanjú nǹkan, gbogbo wa ni mo ń ràn lọ́wọ́, pàápàá nítorí pé èmi ni gbogbo wọn ń wo aago fún. Tí mo bá rí odò, ohun tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé a ó lè débi ìjà kí n tó máa lọ.

Mo fara mọ́ ọ kí ọjọ́ gùn. Ohun kan ni mo bẹ̀: kí ẹ má gé Fireball. Tí ó bá jẹ́ méjì ni mo ní fún Sátidé mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí méjèèjì jó dáadáa.

Jagunjagun-Akọkà

Mo gbọ́. Mi ò bínú sí ọ. Mo fẹ́ póìntì 27 yẹn, ṣá.

Olùdarí-Yábàá

Mo padà wá jábọ̀ lẹ́yìn Sátidé mẹ́ta.

Jagunjagun fi póìntì ra ìwọ̀n rẹ̀ tuntun, ó sì wà ní agbára apá 18 báyìí pẹ̀lú àfikún. Mo fi èyí lọ ẹlòmíràn tó bá fẹ́, kò sí ẹni tó gbà á bí kò ṣe òun. Mo ra fáìlì nylon kan, ibẹ̀ ni gbogbo ìwé ẹ̀dá ń sùn láti Sátidé dé Sátidé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oṣó ná Fireball kan ní ìjà àárọ̀ láìronú, bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́fà tí mo na ọwọ́ gba ìwé rẹ̀, ó dì í mú díẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọ̀sà sí ọ̀nà wọn, pẹ̀lú àbàtà, láìsí afárá. Oṣó wo ìwé rẹ̀: àyè ipò 3 kan ló kù, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú nínú eré. Ó gbé kálámù sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Jagunjagun bi mí bóyá ọkọ̀ apẹja lè wà lábẹ́ koríko ní irú àkókò yìí. Mo ní kí ó ju dáìsì. Ó ju 16. Láti ibẹ̀, òun ló ń pàṣẹ: ta ni kó jókòó níwájú, ta ni kó gbọ́n omi, ìgbà wo ni kí a pa àtùpà. Odò tí a fi ìṣẹ́jú kan kọjá nígbà kan, ọ̀sà yìí gba wákàtí kan àtààbọ̀ lọ́wọ́ wa, ó sì jẹ́ pé oṣó ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè pé kí ni tó kàn.

Ìṣòro kan ṣì kù. Oníwòsàn wa ti ń kùn, nítorí pé gbogbo àyè ọfọ̀ rẹ̀ ló ti tán ní Sátidé kejì. Mo ti fún wọn ní ìsinmi kúkúrú méjì láàárín ọjọ́ náà, jagunjagun jèrè púpọ̀ níbẹ̀, òun kò rí àyè ọfọ̀ kankan gbà padà. Mò ń rò ó pé kí n fi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ mímọ́ kan sí ẹ̀bá ọ̀nà fún un. Bí ẹ bá ní ohun tó sàn jù, ẹ sọ kí Sátidé tó dé.

Ẹ̀gbọ́n-Ẹ̀bùtẹ́

Má fi ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n rí egbòogi lọ́wọ́ ìyá àgbà kan ní etí ọ̀sà, kí wọ́n rà á pẹ̀lú owó tí wọ́n ti kó jọ láti ipele 1. Wọn kò rí nǹkan ná an lé lórí tẹ́lẹ̀.